Ẹni tó gbádùn Àjà Ló Lẹrù, ìwé wo ni kó kà tẹ̀lé e? Àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ ìsọ̀ ìwé kan n'Íbàdàn

Ìwé Yorùbá kò wọ́n tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń pariwo rẹ̀. Ohun tó wọ́n ni ẹni tí yóò sọ fún òǹkàwé pé, níwọ̀n ìgbà tí eléyìí ti dùn mọ́ ọ, lọ wá tọ̀hún. Iṣẹ́ yìí gan-an ni ìsọ̀ ìwé kan n'Íbàdàn gbé karí, orí WhatsApp sì ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé ẹ̀dùn wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ pẹ̀lú ìyìn. Oníbàárà yóò kọ orúkọ ìwé kan tàbí méjì tó ti gbádùn ránṣẹ́, wọn yóò sì dábàá òmíràn fún un. Ìmọ̀ràn náà kò gba kọ́bọ̀. Owó ìwé àti owó ọkọ̀ tí yóò gbé e wá nìkan ni à ń san.

Ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ ránṣẹ́ ni Àjà Ló Lẹrù, ìtàn àròsọ nípa ọ̀daràn tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde ní 1969. Mo ti ń retí pé Àgbàlagbà Akàn ni wọn yóò dárúkọ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé Lápàdé, ọlọ́pàá àná yẹn, ló tún wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò lè dá irú àbá bẹ́ẹ̀. Ohùn ni ọmọbìnrin tó ń dá oníbàárà lóhùn níbẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi: “Ẹ ṣé sà. Ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ gbádùn jù níbẹ̀? Ṣé bí wọ́n ṣe ń lé àwọn ọ̀daràn yẹn kiri ni, àbí ẹnu Lápàdé?”

Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ló mú kí n máa bá wọn dòwò títí di òní. Ẹni tó bá ní ìwádìí ọ̀ràn ló dùn mọ́ òun, ọ̀dọ̀ Kọ́lá Akínlàdé ni wọn yóò darí rẹ̀ sí, sínú Owó Ẹ̀jẹ̀ tàbí Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?, níbi tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Akin Olúṣínà ti ń fi sùúrù ṣa ẹ̀rí jọ, tó ń bi tibí, tó ń bi tọ̀hún. Akínlàdé kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré bíi ti Òkédìjí. Èdè rẹ̀ mọ́, ó sì ń lọ tààrà, kí òǹkàwé ṣáà lè mọ ẹni tó ṣe é ni gbogbo akitiyan rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ pé ẹnu Lápàdé ló gbà á lọ́kàn, ìyẹn àwàdà, èébú àti òwe tí ó ń lọ́ bó ṣe wù ú, Akínlàdé lè sú u kó tó kà á dé ìdajì. Èmi wà lára àwọn wọ̀nyí, Rẹ́rẹ́ Rún ni wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí mi, eré oníṣe tí Òkédìjí fúnra rẹ̀ kọ. Ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bá àwọn ọ̀gá wọn fa wàhálà ni, Láwúwo ni olórí wọn, ẹkún sì ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Bí a bá ń fi kókó ìtàn nìkan wo ìwé, kí ló pa òun àti Àjà Ló Lẹrù pọ̀? Síbẹ̀, bí mo ti ṣí i ni mo ti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Àwọn ìkànnì ńlá tó ń tàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe èyí. Ohun tí ẹ̀rọ wọn ń ṣe ni pé kí ó wo àwọn tó ra ìwé kan, kí ó wo ohun mìíràn tí àwọn kan náà rà, kí ó sì so méjèèjì pọ̀. Ọgbọ́n náà dára níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ti ń ra ìwé kan náà. Ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀: ìwọ̀nba díẹ̀ tó ń rà wọ́n níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ èdè wà nínú wọn, òbí tó ń wá ohun tí yóò fi kọ́ ọmọ rẹ̀ lókè òkun wà nínú wọn. Abájọ tó fi jẹ́ pé nísàlẹ̀ ìwé Fágúnwà, atúmọ̀ èdè àti ìwé ABD ni wọ́n ń kó sí mi lójú.

Ní ti Fágúnwà, ó hàn pé àwọn ará ìsọ̀ náà kà á dójú àmì. Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), tó sì fẹ́ mọ̀ sí i nípa ìdílé Àkàrà-Ògùn, ọdẹ inú rẹ̀, Igbó Olódùmarè (1949) ni wọn yóò fún un, nítorí pé ìtàn Olówó-Ayé, bàbá rẹ̀, ló wà níbẹ̀. Ẹni tí iwin àti igbó bá ti sú, ṣùgbọ́n tí èdè náà kò tíì sú, Àdììtú Olódùmarè (1961) ni tirẹ̀, níbi tí ìṣẹ́ àti ìfẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìyùnadé ti gba ààyè. Fún ẹni tó ṣì ń fẹ́ ìrìn àjò abàmì, wọ́n máa ń yin Èjìgbèdè Lọ́nà Ìsálú-Ọ̀run ti J. Ògúndélé. Mo kà á; n kò rí adùn ibẹ̀ tó bí wọ́n ṣe gbé e ga. Fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n bí sí London, wọ́n ní kí ó máa ka ìtumọ̀ tí Ṣóyínká ṣe sí Ògbójú Ọdẹ ní 1968 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Yorùbá, ìpín kan níhìn-ín, ìpín kan lọ́hùn-ún, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé Ṣóyínká kò so ara rẹ̀ mọ́ gbólóhùn Fágúnwà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àbá tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ìyàwó mi. Ó Le Kú (1974) ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni òun fẹ́ràn, fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe lórí rẹ̀ ní 1997 kò sì sú u rí. Ìtàn Ṣẹ̀gilọlá ni wọ́n ní kí ó wá, èyí tí Isaac Thomas ń gbé jáde bíi lẹ́tà nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930. Nínú Ó Le Kú, Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ìbàdàn, ń ṣe kátikàti láàárín àwọn ọmọge. Nínú tọ̀hún, obìnrin tó ti lo ìgbà ọmọge rẹ̀ tán l'Ékòó ló dùbúlẹ̀ àìsàn, tó ń rántí àwọn ọkùnrin tó ti bá a lò pọ̀, tó ń dá orin ìgboro sí i. Ìyàwó mi ní òun kò lè wo Àjàní bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ibẹ̀ yẹn náà sì ni ẹ̀dùn mi ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kò ní Ṣẹ̀gilọlá lórí àtẹ, ẹ̀dà tí Karin Barber ṣe àtúntẹ̀ rẹ̀ ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n gógó, nítorí náà yíyá la yá a lọ́wọ́ olùkọ́ kan. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n fi ìwé tí kò sí mú itọ́ dà lẹ́nu oníbàárà, kí wọ́n tó wá sọ pé kí ó ní sùúrù. Bí ìwé bá tilẹ̀ dé, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sanwó: ẹ̀dà Ọmọ Olókùn-Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ṣú débi pé àmì ohùn àti àbàwọ́n yíǹkì kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Wọ́n gbà á padà láìjiyàn, ṣùgbọ́n èmi ni mo san owó ọkọ̀ ní àlọ àti àbọ̀. Ní ti ewì, kí ẹ má wulẹ̀ béèrè.

Bákan náà, orí ọmọbìnrin yẹn nìkan ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Bí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, ọkùnrin tó ń dúró fún un kì í béèrè nǹkan kan. Orúkọ àwọn ìwé tí WAEC yàn ló máa ń tò ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì sọ ibi tó pa yín lẹ́rìn-ín tàbí tó mú yín bínú nínú ìwé tí ẹ kà, dípò kí ẹ fi orúkọ ìwé nìkan ránṣẹ́.