Ìdárayá Ìṣẹ́jú Méje: Ohun Tí Mo Rí Nínú Rẹ̀ Nígbà Kónílé-ó-gbélé

Nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá, tí àṣẹ náà sì bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ìrìn ibùdókọ̀ àti àtẹ̀gùn ọ́fíìsì nìkan ni eré ìdárayá tí ara mi mọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń mu gààrí lóròòru, bọ́tìnnì ṣòkòtò mi kò dé ihò rẹ̀ mọ́. Mo wá gba áàpù ọ̀fẹ́ kan sórí fóònù, èyí tí ń darí ènìyàn láti ṣe ìdárayá ìṣẹ́jú méje, mo sì lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Ìdárayá náà gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí áàpù tí ó gbé e jáde pọ̀.

Brett Klika àti Chris Jordan, àwọn onímọ̀ eré ìdárayá, ni wọ́n kọ ọ́ jáde ní ọdún 2013 nínú ìwé àtìgbàdégbà kan ti American College of Sports Medicine, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà. Oríṣi méjìlá ni: a ó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá 30, a ó sì sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá 10 kí a tó bọ́ sí òmíràn. Ògiri, ilẹ̀ àti àga kan ni gbogbo ohun tí ó ń fẹ́, èyí sì tẹ́ ẹni tí ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ lọ́rùn. Ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe tò ó, nítorí pé bí apá bá ti ṣe press-up (dídọ̀bálẹ̀ kí a máa fi ọwọ́ ti ara sókè) tán, ikùn ni ó kàn, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀yà kan ń sinmi nígbà tí òmíràn ń ṣiṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni kò pé: ìṣẹ́jú 6 ni oríṣi méjèèjìlá, ìṣẹ́jú àáyá 110 sì ni ìsinmi mọ́kànlá tí ó wà láàárín wọn, ìyẹn ni pé ó ku díẹ̀ kí ó pé ìṣẹ́jú mẹ́jọ, àwọn tí ó kọ ọ́ sì gbà pé ènìyàn lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ kìíní kò dùn. Fífò sókè kí a máa la ẹsẹ̀, kí a máa pàtẹ́wọ́ lókè orí, ni ó bẹ̀rẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo sì ń gbé. Aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù tán tí ìyá àgbàlagbà tí ń gbé ìsàlẹ̀ fi pariwo pé, “Ẹ̀yin ará òkè, ṣé iyán lẹ̀ ń gún ni?” Láti ọjọ́ náà, mo fi ẹsẹ̀ yíyà sí ọ̀tún àti sí òsì rọ́pò fífò. Ẹ̀kejì, èyí tí a ó ti fi ẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tí ó jókòó sórí àga tí kò sí, kò yàtọ̀ sí ìyà tí olùkọ́ máa ń fi jẹ wá nílé ìwé. Ní ti press-up, ọkùnrin Yorùbá tí ó ń kí àgbà kò ṣàjèjì sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Dídìde ni iṣẹ́. Mẹ́ta péré ni mo ṣe. Ògiri ni mo fi ọwọ́ tì fún ọ̀sẹ̀ kan, kí n tó bọ́ sórí tábìlì, kí n tó wá padà sílẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, gígun orí àga àti sísọ̀kalẹ̀, ni ó fẹ́ ṣe mí léṣe. Àga rọ́bà àlejò ni mo gbé sílẹ̀ láti gùn, ṣùgbọ́n bí mo ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì tí ó wà lẹ́yìn yà síta lórí ilẹ̀ dídán. Kọ́tìnì ni mo gbá mú, òun àti irin rẹ̀ sì bá mi wálẹ̀. Àṣìṣe tèmi ni. Àpótí onígi tí a fi ń jókòó dáná ni mo lò lẹ́yìn náà: kò ga, kò mì, ó sì dára fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ju àga lọ.

Ohun kan wà tí áàpù tí mo lò kò sọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ ìdárayá náà sọ ọ́ kedere: ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn kò gbọdọ̀ ṣe jíjókòó ara ògiri àti àwọn méjì tí a ó ti gan ara lórí ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n tún kìlọ̀ fún arúgbó, ẹni tí ó sanra jù àti ẹni tí ara rẹ̀ ti gbàgbé eré. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, fẹ́ bá mi ṣe é, mo ní kí ó kọ́kọ́ pe dókítà rẹ̀, mo sì yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò fún un.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹfà, press-up mọ́kànlá ni mo lè ṣe. Bọ́tìnnì náà ti ń dé ihò rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè búra pé ìdárayá ni, nítorí mo ti pa gààrí òru tì. Ibi tí ó kù sí ni pé nínú oríṣi méjìlá náà, kò sí ẹyọ kan tí a ó ti fa nǹkan sọ́dọ̀ ara, ẹ̀yìn kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí iṣẹ́ ṣe. Kànga wà nínú ọgbà wa ní tèmi. Garawa mẹ́wàá ni mo ń fà láràárọ̀ lẹ́yìn ìdárayá, ti ìyá ìsàlẹ̀ ni mo sì kọ́kọ́ ń pọn.