Office tí mo rà lẹ́ẹ̀kan àti Office tí mo ń san lọ́dọọdún

Àbúrò kan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó ló pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ gba Office. Ṣé kí n ra èyí tí wọ́n ń rà lẹ́ẹ̀kan ni, àbí èyí tí wọ́n ń san lọ́dọọdún?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti lo méjèèjì, méjèèjì ló sì ti dójú tì mí rí. Ohun tí mo sọ fún un nìyí, pẹ̀lú àwọn ibi tí mo fò lórí fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ìlò tí mo ń lo Office, àkójọ ètò kọ̀ǹpútà ti Microsoft, kí ẹnikẹ́ni má lọ fi òṣùwọ̀n mi wọn ara rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kéékèèké mẹ́rin ni mo ń bá ṣe ìwé owó wọn. Excel, èyí tó wà fún ìṣirò, ni oko mi, àárọ̀ ni mo ń wọ̀ ọ́, alẹ́ ni mo ń jáde. Word wà fún lẹ́tà. PowerPoint, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo ń ṣí i, ìyẹn nígbà tí ọmọ bá gbé iṣẹ́ àmúrelé wá.

Ní 2020, mo ra Office Home & Business 2019. N kì í fẹ́ kí owó máa jáde lápò mi láìjẹ́ pé ọwọ́ ara mi ló yọ ọ́. Mo mú iye tí wọ́n ń tà á, mo fi owó ọdún kan ti ẹni kan ṣoṣo lórí èyí tí wọ́n ń san lọ́dọọdún pín in, ó fún mi ní ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀. Mo ní bí mo bá ti lò ó kọjá ibẹ̀, èrè ni gbogbo ọjọ́ tó kù. Ìṣirò náà kò ní àṣìṣe kankan. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ló padà wá bá mi.

Ọdún mẹ́ta gbáko, ẹnikẹ́ni kò na ọwọ́ sí mi pé owó dà. Laptop mi àkọ́kọ́ kú lójijì ní 2022. Mo ra òmíràn, mo fi ímeèlì àti páásíwọ́ọ̀dù mi wọlé sí àkáǹtì tí mo fi rà á, mo gbé Office náà sórí tuntun. Kì í ṣe gbogbo èyí tí a rà lẹ́ẹ̀kan ló ṣeé gbé bẹ́ẹ̀ o. Èyí tó bá kọ̀ǹpútà wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ibi tí kọ̀ǹpútà náà bá kú sí ni wọ́n ń sin òun náà sí.

Ọdún 2023 ni nǹkan yí padà. Oníbàárà tuntun kan fi ìwé ọjà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ìlà tó lé ní irinwó. Mo ṣí i, gbogbo iye pé síbẹ̀, ó mọ́ nigínnigín. Mo rí kóòdù ọjà kan tí wọ́n ṣì tẹ̀, mo tún un tẹ̀, mo tẹ Enter. Àpótí owó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ di #NAME?. Mo rò pé ọwọ́ mi ló yẹ̀. Mo lọ sí ìlà mìíràn, mo tún kóòdù ibẹ̀ tẹ̀, #NAME? lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo wá gbójú sókè síbi tí fọ́múlà máa ń hàn sí, mo rí =_xlfn.XLOOKUP( àti àwọn ìyókù rẹ̀.

Ohun tí _xlfn yẹn ń sọ ni pé Excel ọwọ́ mi kò mọ ẹni tí wọ́n dárúkọ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn 2019 kí XLOOKUP, fọ́múlà tó ń wá nǹkan nínú òpó kan tó sì ń mú iye tó bá a mu wá, tó dé. Àwọn tó ń san lọ́dọọdún bá a lórí èyí tí wọ́n ń lò láìṣe wàhálà kankan. Àwa tí a rà lẹ́ẹ̀kan, àfi kí a tún lọ ra 2021. Èyí tí ènìyàn bá rà lẹ́ẹ̀kan, àtúnṣe ààbò àti àtúnṣe àbùkù ló ń gbà, kì í gba ohun tuntun. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó rà á. Mo kàn rò pé àwọ̀ àti bọ́tìnnì ni wọ́n ń pè ní ohun tuntun ni.

Kì í sì í ṣe #NAME? ló bà mí lẹ́rù jù. Àwọn ìlà tí n kò tíì fọwọ́ kàn ni. Iye inú wọn dára lójú, ṣùgbọ́n Excel ti oníbàárà náà ló ṣírò rẹ̀ sílẹ̀. Tèmi kàn ń gbé e han mi ni, kò lè ṣírò rẹ̀. Ká ní n kò tún kóòdù kan ṣoṣo yẹn tẹ̀ ni, mi ò bá ti fọwọ́ sí ìwé tí ẹ̀rọ mi kò lè kà.

Mo fi INDEX àti MATCH, àwọn fọ́múlà àtijọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, tún gbogbo òpó náà kọ, aago kan òru lù kí n tó dìde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oníbàárà náà pè mí: "Mà, kí ni gbogbo INDEX wọ̀nyí? Ẹ̀yin ṣì ń lo ìyẹn?"

Ó dùn mí. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo sanwó Microsoft 365 Family, Office tí ìdílé ń san lọ́dọọdún.

N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó dùn ún lò. Ènìyàn mẹ́fà ló lè wà lórí owó kan ṣoṣo, kálukú sì ní àyè 1 TB tirẹ̀ lórí OneDrive, ibi ìtọ́jú fáìlì Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi, ọkọ mi, ọmọ wa méjèèjì àti àbúrò mi obìnrin la pín in. Lọ́jọ́ kan, bátìrì laptop mi kú nígbà tí mo ń tẹ ìwé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ mọ́kànlélógún. Mo mú fóònù, mo ṣí fáìlì náà, àwọn mẹ́rìndínlógún tí mo ti tẹ̀ wà níbẹ̀ ní pípé. Ẹni kẹtàdínlógún nìkan ni kò sí, torí n kò tíì tẹ Enter lórí rẹ̀. AutoSave ló ṣe iṣẹ́ yẹn, fáìlì tó bá wà lórí OneDrive ló sì máa ń ṣe é fún. Èyí tí ènìyàn bá tọ́jú sórí kọ̀ǹpútà nìkan, kò kàn án. Ìgbà kan tún wà tí ọmọ mi kékeré pa odindi ojú ìwé kan rẹ́ níbi tó ti ń ṣeré. Mo padà sí ẹ̀dà àná, n kò tilẹ̀ bá a wí.

Ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ni káàdì tí owó náà ń gbà jáde parí ọjọ́. Báńkì fún mi ní tuntun, n kò rántí pé ó yẹ kí n lọ fi nọ́ńbà rẹ̀ rọ́pò ti àtijọ́. Ìkìlọ̀ ń wá léraléra, ṣùgbọ́n ímeèlì kan tí n kì í ṣí mọ́ ló ń lọ. Èyí tó ń yọ lókè Excel, mò ń tẹ X lórí rẹ̀ bí ẹni ń lé eṣinṣin. Títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí owó oṣù àwọn ènìyàn gbọ́dọ̀ jáde. Mo ṣí Excel, gbogbo bọ́tìnnì ti di àwọ̀ eérú. Mo lè ṣí fáìlì, mo lè kà á, mo lè tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. N kò lè yí lẹ́tà kan padà nínú rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni, bí ó ṣe ń ṣe bí owó bá ti tán nìyẹn, wọn kò sì fi pamọ́. Àyè OneDrive náà á fà sẹ́yìn sí 5 GB tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá ti kó ẹrù jù bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀ lè kó o jáde, kò lè fi kún un.

Laptop ọmọ mi àgbà ló yọ mí. Ó fi LibreOffice, àkójọ ọ̀fẹ́ tó jọ Office, sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ Office tí mò ń sanwó rẹ̀ fún un, mo sì ti bá a jà rí pé kí ló ń fi ti ọ̀fẹ́ ṣe. Ẹ̀dà 24.8 ni, èyí tó jáde ní oṣù Kẹjọ 2024, òun sì ni ẹ̀dà tí XLOOKUP kọ́kọ́ bá wọlé. Ó ṣí ìwé owó oṣù náà, ó ṣírò gbogbo rẹ̀, mo parí iṣẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. N kò jà mọ́.

Oṣù Kìíní 2025 kan náà ni Microsoft gbé owó ti ilé sókè ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tí wọ́n sì kó Copilot, olùrànlọ́wọ́ AI wọn, sínú rẹ̀. Lórí Family, ẹni tó ń sanwó nìkan ló ni Copilot yẹn, àwọn tó kù lórí rẹ̀ kò ní ìpín níbẹ̀. Fún àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀dà kan wà nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Classic, tí kò ní Copilot, tó sì wà ní owó àtijọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ACCC, àjọ ìjọba Ọsirélíà tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà, gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn pé wọn kò fi Classic yìí han àwọn oníbàárà bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ kóòtù nìyẹn. Èmi, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé iye tí mo fi ra 2019, ẹnikẹ́ni kò lè padà wá fi kún un fún mi.

Nígbà tí mo jókòó láti sanwó padà, mo ka àdéhùn Family fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wà níbẹ̀ pé fún ìlò ara ẹni ni, kì í ṣe fún iṣẹ́ ajé. Ó ti tó bí ọdún méjì tí mo ti ń fi ṣe ìwé owó àwọn ẹlòmíràn. Mo pa laptop dé jẹ́jẹ́.

Ṣé kí n kúkú padà sórí 2019 mi? Ó ṣì wà níbẹ̀, ó sì ń ṣí. Ṣùgbọ́n 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni wọ́n ti kéde pé àtúnṣe ààbò rẹ̀ máa parí, òun àti 2016 lọ́jọ́ kan náà, fáìlì àwọn tí n kò mọ̀ rí ni mo sì ń ṣí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí wé ilé háyà àti ilé tara ẹni. Kò jọ ọ́ lójú mi. Ilé tara ẹni, bó bá jò, onílé lè gun òrùlé fúnra rẹ̀. Office tí mo rà, bó bá jò, ẹni tó kọ́ ọ nìkan ló ní àkàbà, ó sì ti sọ ọjọ́ tí yóò gbé àkàbà rẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, èyí tí a ń rà lẹ́ẹ̀kan náà ni mo padà sí: Office Home & Business 2024. Ó gbà pé kí ènìyàn fi ṣe iṣẹ́ ajé, XLOOKUP wà nínú rẹ̀, fọ́múlà FILTER àti UNIQUE náà wà. Mo tún ìṣirò àtijọ́ yẹn ṣe. Nítorí owó ọdún kan ti lọ sókè, ọdún méjì àti ààbọ̀ ló wá bọ́ sí báyìí, nígbà tí àtúnṣe ààbò yóò máa wá fún ọdún márùn-ún láti ìgbà tó jáde. Mo jẹ́ kí Family lọ. Àbúrò mi obìnrin gba tirẹ̀ fún ilé rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀: àwọn mẹ́fà ni wọ́n, fóònù àti kọ̀ǹpútà kún ilé, kò sì sí ẹni tó ń fi ṣòwò nínú wọn. Bí ó bá jẹ́ irú ilé yẹn ni, n kò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ mi wà lórí LibreOffice. Lẹ́tà Word máa ń ya díẹ̀ níbẹ̀ nígbà mìíràn, tábìlì á sún kúrò láyè rẹ̀, àwọn kò kà á sí.

AutoSave nìkan ni mo ń ṣàárò rẹ̀. Ọwọ́ mi ti padà sórí Ctrl+S bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà.

Mo bi àbúrò mi orí fóònù pé, "Fáìlì ta ni o máa ń ṣí jù?" Ó ní ti ara òun ni, ilé iṣẹ́ méjì péré ló ń fi tiwọn ránṣẹ́. Mo ní kó ra 2024, kó sì mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun náà yóò pàdé _xlfn tirẹ̀. Ká ní ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni gbogbo fáìlì rẹ̀ ti ń wá ni, tí wọ́n sì ń lo èyí tó dé lánàá, màá ní kó máa san lọ́dọọdún, kó wá ti oníṣẹ́ ajé, kó má ṣe bíi tèmi.

Ó wá ní ẹnì kan ń ta kóòdù 2024 lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìdá kan nínú mẹ́wàá owó rẹ̀. Mo pariwo. Ọkọ mi ra irú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ẹnì kan. Oṣù mẹ́ta ló fi ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ni ìkìlọ̀ dé pé kóòdù náà kò tọ́. Irú kóòdù bẹ́ẹ̀, ti ilé iṣẹ́ ńlá ló sábà máa ń jẹ́, tí wọ́n rà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kọ̀ǹpútà tí ẹnì kan wá ń gé tà. Nígbà tí a fi máa wá ẹni tó tà á, kò gbé fóònù mọ́.

"Tiyín ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ìgbà wo ló máa parí?"

Mo yí laptop mi dé, mo kà á fún un: 9 oṣù Kẹwàá 2029. Bírò ni mo fi kọ ọ́ sórí pépà pélébé kan, tí mo lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rà á.