Àgbéyẹ̀wò: Àǹtí Yábàá tó bá ọmọ mi to fọ́ọ̀mù yunifásítì Amẹ́ríkà, tòun ti C5 rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́: èsì kò tíì jáde. Ìparí oṣù Kẹta ni àwọn yunifásítì ńláńlá Amẹ́ríkà sábà máa ń kéde àwọn tí wọ́n mú, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wà nínú oṣù Kejì ọdún 2025 ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ń kọ èyí kó tó jáde. Bí wọ́n bá mú Bọ́lá, gbogbo ohun tí obìnrin yìí ṣe ni màá máa yìn, títí kan èyí tí kò dáa. Bí wọn ò bá sì mú un, owó mi nìkan ni n óò máa rántí. Iṣẹ́ tí mo sanwó fún ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Léèsì ni mò ń tà ní ọjà Balógun ní Èkó. Bọ́lá ni àkọ́bí mi, ó sì ṣe WAEC ní 2024: A1 nínú Maths àti Yorùbá, B2 nínú Physics, B3 nínú English àti Biology, C4 nínú Geography, C5 nínú Chemistry. Kò burú. Ilé mìíràn ì bá ti pa adìyẹ. Àmọ́ Harvard ló wà lẹ́nu ọmọ yìí láti JSS2, Harvard kan náà tí ènìyàn 54,008 kọ̀wé sí láti wọlé ní 2024, tí wọ́n sì mú 1,937. Kò tó mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Bàbá rẹ̀ wo èsì náà, ó wo ọmọ náà, ó ní, "Olúwa á bá wa ṣe é," ó sì dìde lọ wo bọ́ọ̀lù.

Ọ́fíìsì tí a kọ́kọ́ lọ wà lórí Erékùṣù níhìn-ín, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, àsíá Amẹ́ríkà àti ti Kánádà wà lórí tábìlì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ kóòtù ní admission dájú, kí n má fòyà. Ó ní àwọn ló máa kọ àròkọ fún ọmọ, kí ọmọ kàn máa múra ìrìn-àjò. Dọ́là ló fi dá owó lé wa, nígbà tí dọ́là kan ń lọ sí nǹkan bí ₦1,600. Títí a fi jókòó tá a fi dìde, kò béèrè èsì WAEC ọmọ náà. Kò béèrè orúkọ rẹ̀ pàápàá. Mo ní a ń bọ̀. Ohun tí àwọn oníbàárà máa ń sọ fún èmi náà nìyẹn lójoojúmọ́, kí wọ́n tó gba ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn lọ.

Ìyá kan tó máa ń ra léèsì lọ́wọ́ mi ló júwe Àǹtí Yábàá. (Bí àwọn ọmọ ṣe ń pè wọ́n nìyẹn. Wọ́n ní kí n má kọ orúkọ àwọn síta, torí ọmọ díẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́dún, wọn ò fẹ́ kí èrò ya bò wọ́n.) Orí ilé alájà kan tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì nísàlẹ̀ ni ọ́fíìsì wọn wà, lápá Sábó, ní ẹ̀yìn Herbert Macaulay. Tíṣà Maths ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ ó sì mọ̀ kí wọ́n tó sọ fún yín.

Wọn ò fi ìkíni ṣòfò. Wọ́n gba èsì WAEC, wọ́n gba gbogbo káàdì iléèwé Bọ́lá láti JSS3 dé SS3, wọ́n tẹ́ wọn sórí tábìlì ní ìlà-ìlà, wọ́n yọ báírò pupa. Mo rò pé C5 ni wọ́n máa fa ìlà sí. Wọn ò tiẹ̀ wò ó. Káàdì SS2 ni wọ́n fi báírò yí ká: Chemistry, 71 ní táàmù kìíní, 48 ní táàmù kejì, 45 ní táàmù kẹta.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?"

Bọ́lá ní tíṣà Chemistry àwọn ló ká ẹrù rẹ̀ lọ sí Kánádà lẹ́yìn ìsinmi Kérésì, iléèwé kò sì rí ẹlòmíràn títí àwọn fi wọ SS3. Nóòtì àwọn tó ṣáájú ni wọ́n ń dà kọ.

"Ta ló ti sọ èyí fún wọn ní Amẹ́ríkà?"

Kò sẹ́ni.

"Ìwọ kọ́ lo máa sọ ọ́. Tó bá ti ẹnu rẹ jáde, àwáwí ni wọ́n máa pè é. Iléèwé rẹ ni yóò sọ ọ́."

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ sanwó fún. Àwa tá a mọ JAMB, ìṣirò la mọ̀. UNILAG á pín máàkì JAMB rẹ sí mẹ́jọ, á fi post-UTME tó jẹ́ 30 kún un, á fi WAEC tó jẹ́ 20 kún un. A1 jẹ́ 4, C5 jẹ́ 2.4, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ bóyá tíṣà rẹ wà ní Kánádà. Ní àwọn iléèwé Amẹ́ríkà wọ̀nyí tó ń ṣa ọmọ, kò sí máàkì kan tí ẹni tó bá gbà á ti wọlé nìyẹn, kò sì sí èyí tí wọ́n ní ẹni tó bá gbà á kò gbọdọ̀ kọ̀wé wá. Ènìyàn ló ń ka fáìlì. Ó ń wo máàkì, ó ń wo irú iléèwé tí ọmọ ti gba máàkì náà, ó ń ka lẹ́tà àwọn tíṣà. Ìyẹn kò sọ C5 di A1 o. Àǹtí sọ ọ́ fún wa lójú kòrókòró: ọ̀pọ̀ àwọn tó ń du àyè náà ló ní A1 láti òkè délẹ̀, tí Bọ́lá bá sì máa wọlé, nǹkan mìíràn nínú fáìlì rẹ̀ ló máa fà á wọlé.

Lẹ́tà iléèwé náà kò yá. Wọ́n rò pé a fẹ́ ba àwọn lórúkọ jẹ́ ni. Àǹtí fúnra wọn ló lọ bá wọn jókòó, tí wọ́n ṣàlàyé pé gbólóhùn méjì péré ni à ń wá: pé kò sí tíṣà Chemistry láti ìgbà báyìí dé ìgbà báyìí, àti pé gbogbo kíláàsì ló kàn. Wọ́n tún bá wọn ṣe ìwé tó ń júwe iléèwé náà, iye ọmọ tó wà ní SS3, bí èsì gbogbo wọn ṣe rí, torí ẹni tó jókòó sí Boston kò mọ iléèwé wa rí. Tí ẹ bá bi mí pé èwo nínú owó mi ni kò dùn mí, èyí ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn ìwé kíkà. Fọ́ọ̀mù Common App tí ọ̀pọ̀ yunifásítì wọn jọ ń lò gba nǹkan mẹ́wàá, àmọ́ lẹ́tà 150 péré lèèyàn ní láti fi júwe ọ̀kọ̀ọ̀kan, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ náà wà nínú iye yẹn. Bọ́lá ti to tiẹ̀ wá: igbákejì ààrẹ JETS Club (ẹgbẹ́ àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì), ẹgbẹ́ debate, Press Club, akọrin ìjọ. Àǹtí kà á tán, wọ́n ní, "Ó dáa. Tó o bá dé láti iléèwé, kí lò ń ṣe?" Ọmọ mi dákẹ́. Èmi ni mo dáhùn pé ṣọ́ọ̀bù mi ló ń wá, òun ló ń bá mi kọ ìwé àjọ.

Àjọ ìlà wa ní Balógun ni. Obìnrin mẹ́rìnlélógún la jọ ń dá a, ọwọ́ mi ló wà. Láti SS1 ni Bọ́lá ti kó o kúrò nínú ìwé wá sórí fóònù, tó fi jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè sọ pé òun ti dá tiòun nígbà tí kò tíì dá a. Òun ló tún to bí a ó ṣe máa kó o, kí ẹni tó ní owó iléèwé láti san ní oṣù Kẹsàn-án lè kó tirẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Àǹtí gbé báírò sílẹ̀. "Mummy Bọ́lá! Irú nǹkan báyìí wà nílé, ẹ ò sọ!"

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi gé e wọ inú lẹ́tà 150. Bọ́lá kọ́kọ́ kọ ọ́ pé òun ń ran ìyá òun lọ́wọ́ nínú òwò. Wọ́n pa á rẹ́. Ènìyàn mélòó? Èló lọ́sẹ̀? Báwo ló ṣe rí kó o tó fọwọ́ kàn án? Ó kọ òmíràn, ó gùn jù. Ó yọ "very", ó yọ "responsible", ó yọ orúkọ ọjà, ó dá orúkọ ọjà padà. Nígbà tí NEPA fi máa mú iná lọ, iye àwọn obìnrin náà ti wà níbẹ̀, iye tí wọ́n ń dá ti wà níbẹ̀, ohun tí Bọ́lá yí padà ti wà níbẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta ló sì ṣẹ́ kù. JETS Club bọ́ sí ipò karùn-ún. Àròkọ gan-an, èyí tí kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 650 lọ, Bọ́lá ló kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìbéèrè nìkan ni Àǹtí ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Orúkọ iléèwé ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Èyí tí Bọ́lá kó wá, TikTok ló ti rí wọn: Harvard, Yale, Stanford, Columbia. Àǹtí kò dá a lóhùn, èmi ni wọ́n kọjú sí: "Èló lẹ lè san lọ́dún?" Mo sọ ọ́. Wọ́n wá ṣàlàyé ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí. Ní ọ̀pọ̀ iléèwé Amẹ́ríkà, tí ọmọ òkèèrè bá béèrè ìrànwọ́ owó, wọ́n máa ń rò ó mọ́ ọn kí wọ́n tó pinnu bóyá wọ́n á mú un. Àwọn tí kì í wo àpò ọmọ òkèèrè kí wọ́n tó mú un, tí wọ́n á sì dí ibi tí agbára òbí kò dé, kò pọ̀: Harvard, Yale, Princeton, MIT, Amherst, Dartmouth, Bowdoin wà nínú wọn, Brown sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ fún àwọn tó máa wọlé ní 2025. Stanford àti Columbia kò sí níbẹ̀. Báírò pupa kọjá lórí àwọn méjèèjì.

Wọ́n jẹ́ kí Harvard wà níbẹ̀, kí ọmọ má bàa máa bi ara rẹ̀ léèrè títí ọjọ́ ogbó. Wọ́n fi Dartmouth àti Bowdoin kún un, lẹ́yìn náà àwọn tí a kò gbọ́ rí: Grinnell ní Iowa, Macalester ní Minnesota, Berea ní Kentucky. Bàbá Bọ́lá ní ta ló mọ Macalester? Àǹtí ní Kofi Annan tó jẹ́ ọ̀gá àgbà UN nígbà kan mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ló ti gboyè ní 1961. Bàbá Bọ́lá kò tún béèrè nǹkan kan. Berea kì í gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan, àmọ́ gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, ó kéré tán wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀. Èmi fẹ́ràn ìyẹn jù. Bọ́lá kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

SAT, ìdánwò àṣewọlé yunifásítì Amẹ́ríkà: 1410 nínú 1600. Àwọn ará ilé wa pariwo ayọ̀, Àǹtí ní ó dáa, kò dáa tó. Harvard àti Dartmouth ti tún sọ SAT di dandan fún àwọn tó ń kọ̀wé lọ́tẹ̀ yìí, nítorí náà a fi ránṣẹ́ sí wọn. Ìwádìí Dartmouth fúnra wọn tiẹ̀ sọ pé àwọn ọmọ tílé wọn ò rí já jẹ sábà máa ń fi máàkì tí ì bá ràn wọ́n lọ́wọ́ pamọ́. Bowdoin kò fi dandan lé e láti 1969, wọn ò sì rí 1410 náà. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà báyìí, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 14. Àǹtí ló ní ká pààrọ̀ bátìrì kọ̀ǹpútà Bọ́lá ṣáájú, ká má gbójú lé sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni.

Ibi tí wọ́n kù sí ńkọ́? Ẹnu wọn mú. Ọmọ mi sunkún lórí àtẹ̀gùn yẹn nítorí àròkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, n kò sì rò pé ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Yàrá náà gbóná, jẹnẹrétọ̀ àwọn aláfọ́tókọ́pì ń bú lábẹ́ fèrèsé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ka àròkọ kọ̀ọ̀kan sínú owó tẹ́ ẹ san, ìkẹta ní owó tirẹ̀, wọn ò sì sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Èyí tó bí mi nínú jù ni oṣù Kejìlá: fọ́ọ̀mù Harvard máa tì ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, WhatsApp wọn dákẹ́ lọ gbári. Wọ́n ní ìyá àwọn ló ṣàìsàn. Mo bá wọn kẹ́dùn, àmọ́ ó yẹ kí ẹnì kan wà tó lè dáhùn.

₦400,000 ni, ìdajì ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdajì lẹ́yìn tí gbogbo fọ́ọ̀mù bá ti lọ. Wọn ò gbowó kankan nítorí pé ọmọ wọlé. Mo ná an bí ọmọ Balógun. Wọn ò já kọ́bọ̀ kan.

Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? Tí ọmọ yín bá ní A1 gbogbo, tí iléèwé yín sì ní ẹni tó mọ fọ́ọ̀mù yìí, ẹ fi owó yín ra nǹkan mìíràn. EducationUSA tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ wà ní Victoria Island, wọn kì í gbowó ìmọ̀ràn, ọ̀fẹ́ ni ṣíṣí Common App, ọ̀pọ̀ iléèwé ló sì máa ń yọ̀ǹda owó fọ́ọ̀mù fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a, tó bá béèrè. Ọmọ aládùúgbò wa tó fẹ́ Oxford, Àǹtí dá a padà ní tààràtà, wọ́n ní àwọn ò mọ ti ìlú ọba. Ọmọ tí káàdì rẹ̀ ní ibi tó wọ́, tó sì ní ìdí, ni kó lọ bá wọn. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, oṣù Kejìlá ló jẹ ọ̀kan yòókù. A ti ra fọ́ọ̀mù JAMB tọdún yìí pamọ́ pẹ̀lú, àwọn gan-an ló ní ká rà á.

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ lọ ní oṣù Kẹfà, ẹ má dúró de oṣù Kẹwàá. Ẹ gbé káàdì iléèwé gidi dání. Láti Ìdúmọ̀tà, ọkọ̀ Yábàá tó ń gba Carter Bridge ni kẹ́ ẹ wọ̀, torí kò síbi tẹ́ ẹ máa gbé mọ́tò sí. Kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì kẹ́ ẹ tó sọ̀kalẹ̀ o, tẹ́ ẹ bá dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó rántí, ọ̀la ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ padà wá.