Ẹ̀múṣọ̀n àbí Gílọ́ọ̀sì? Ọ̀dà Tó Yẹ Ilé Àgbádárìgì

Tí èèyàn bá fẹ́ kun ilé ní Àgbádárìgì, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbà á lọ́kàn. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ omi kànga yín wò. Àárín ọ̀sà àti òkun ni ìlú wa wà. Lítà omi òkun kan gbé nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀, atẹ́gùn sì ń gbé e wá sórí páànù àti sára ògiri, títí kan ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí ní 1845 ní Marina. Iyọ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ kànga tí a ń fa omi rẹ̀ lu ọ̀dà, ó sì wà nínú ògiri ẹni tó bá fi yanrìn etí òkun kọ́lé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀múṣọ̀n, ọ̀dà olómi. Inú omi ni àwọn wóró rọ́bà tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ ti ń lúwẹ̀ẹ́. Wóró kọ̀ọ̀kan gbé iná mànàmáná díẹ̀ sára, oríṣi kan náà sì ni gbogbo wọn gbé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti ara wọn sẹ́yìn tí ọ̀dà fi ń ṣàn geere. Tí omi oníyọ̀ bá wọ inú rẹ̀, èyí tó gbé iná òdìkejì nínú iyọ̀ náà á ṣù bo àwọn wóró, agbára tí wọ́n fi ń ti ara wọn á lọ sílẹ̀, wọn á sì lẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá ti ju álọ́ọ̀mù sínú omi ẹrẹ̀ rí ti rí irú rẹ̀: ẹrẹ̀ á ṣù jọ, á wá rọ̀ sísàlẹ̀.

Agbára iyọ̀ ò sì dọ́gba. Iná ẹyọ kan ni ti inú iyọ̀ ọbẹ̀ gbé. Kálísíọ́ọ̀mù, tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, gbé méjì, ìpalára tirẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì lọ dáadáa. Ti inú álọ́ọ̀mù gbé mẹ́ta. Nítorí náà, omi tí kò dùn bí iyọ̀ lẹ́nu ṣì lè ba ọ̀dà jẹ́ bí ọṣẹ ò bá hó nínú rẹ̀, omi tí ẹ sì ti fi álọ́ọ̀mù tòrò, ẹ má fi lu ọ̀dà rárá.

Ojú mi ló ṣe. Nígbà tí mo ń kun pálọ̀ mi, ẹ̀múṣọ̀n tó pọ́ọ́kú ni mo rà, ọmọṣẹ́ pẹ́ńtà sì fa omi kànga ẹ̀yìnkùlé lù ú. Ká tó jẹun ọ̀sán tán, omi ti lé sókè, kókó ti wà nísàlẹ̀, bí ògì tí wọn ò rò dáadáa. A fi igi rò ó títí, kókó ò yọ́, torí wóró tó bá ti lẹ̀ mọ́ra kì í tú mọ́. Rọ́bà ọ̀dà lítà 20 méjì ló ṣòfò, ó sì dùn mí gan-an.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀múṣọ̀n ló ń ṣe báyìí. Àwọn kan wà tí wọ́n fi irú ọṣẹ tí kò gbára lé iná bo àwọn wóró inú wọn, iyọ̀ kì í tètè rí wọn gbé ṣe. Ẹ lè dá wọn mọ̀ kí ẹ tó ra púpọ̀. Ẹ ra kékeré lára ọ̀dà méjì tí ẹ ń rò. Ẹ bu ṣíbí kan sínú ife gíláàsì méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ da píọ̀ wọ́tà sí ọ̀kan, omi kànga sí èkejì, ẹ rò ó, ẹ bò ó di àárọ̀. Ẹ wá da ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó dáa á fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi mílíìkì sílẹ̀ lára gíláàsì. Èyí tó ti bàjẹ́ á fi wóró-wóró bíi gaàrí sílẹ̀.

Gílọ́ọ̀sì, ọ̀dà olóróró, ò ní wàhálà yìí nínú agolo, torí tápẹ́táìnì la fi ń là á, kì í ṣe omi. Ẹ̀yìn tó bá gbẹ tán ni ìṣòro tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Tí iyọ̀ bá wà lára géètì tí ẹ sì kùn ún mọ́ ọn, iyọ̀ yẹn á máa fa omi gba inú ọ̀dà wọlé, géètì á lé ròrò, ìpẹtà á tẹ̀ lé e. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ irin náà, ẹ há ìpẹtà rẹ̀ dànù, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó fi ọ̀dà kàn án. Lára ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, mi ò ní fi gílọ́ọ̀sì kùn ún láéláé: agbára sìmẹ́ńtì tuntun máa ń sọ òróró inú rẹ̀ di ọṣẹ.

Téksìkóòtù, ọ̀dà tó ki, tó máa ń rí gbágungbàgun lára ògiri, wọ́n ju ẹ̀múṣọ̀n lọ. Ó ń bo àléébù ògiri tí kò tẹ́jú, ṣùgbọ́n ògiri tí iyọ̀ ń yọ funfun lára rẹ̀ bí ìyẹ̀fun á ti òun náà ṣubú.

Tó bá jẹ́ owó mi ni, ẹ̀múṣọ̀n tó yege nínú ife ni màá rà fún ògiri, torí ó ń jẹ́ kí ọ̀rinrin ráyè jáde. Gílọ́ọ̀sì á wà fún ilẹ̀kùn àti irin. Omi tí rọ́bà lítà 20 nílò kì í sábà ju lítà 2 lọ, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́rin péré. Omi òjò náà dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ iyọ̀ orí páànù dànù kí ẹ tó gbé korobá síbẹ̀.