Gílóòbù, Dáyóòdù, Tẹmísítọ̀ àti JFET: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà fún Ọsilétọ̀ Ìgbì Sine?

Ẹni tó bá ti kọ́ ọsilétọ̀ Wien, ìyẹn àyíká iná tó ń dá ìgbì sine sílẹ̀, rí yóò mọ̀ pé orí 3 ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Bí ìlọ́po op-amp (chip tó ń gbé ìgbì ga) bá fi díẹ̀ dín sí 3, ìgbì yóò máa rọ títí yóò fi kú. Bó bá sì fi díẹ̀ jù ú lọ, yóò máa wú títí orí rẹ̀ yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí rẹ́sísítọ̀ lásán tó lè dúró gbọnin lórí 3, nítorí ooru ọ̀sán lábẹ́ páànù ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ti tó láti yẹ̀ ẹ́ kúrò. Ẹ̀ṣọ́ ni à ń wá rà, èyí tí yóò máa dín ìlọ́po kù nígbà tí ìgbì bá ga jù, tí yóò sì fi kún un nígbà tó bá rẹlẹ̀.

Dáyóòdù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè, nítorí pé kò wọ́n. Dáyóòdù 1N4148 méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí orí ọ̀kan wà níbi ìdí èkejì, pẹ̀lú rẹ́sísítọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ti tó. Ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kì í sì í mì nígbà tí ẹ bá yí fíríkúẹ́ńsì padà. Àmọ́ ńṣe ló ń ré ṣóńṣó ìgbì, àbàwọ́n rẹ̀ (bí ìgbì náà ṣe yà kúrò lórí sine gidi) sì sábà máa ń wà ní àyíká 1%. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ohùn ń gba inú amplifier kọjá, ẹ rà á. Ẹni tó bá fẹ́ wọn àbàwọ́n amplifier gan-an kò gbọdọ̀ lò ó, torí àbàwọ́n ọsilétọ̀ ni yóò máa kà.

Gílóòbù kékeré ni èmi fẹ́ràn jù. Òun ni William Hewlett lò nínú ọsilétọ̀ tó ṣe ní Yunifásítì Stanford ní 1939, èyí tó di HP 200A, ọjà àkọ́kọ́ tí Hewlett-Packard tà. Ilé-iṣẹ́ fíìmù Walt Disney sì ra mẹ́jọ nínú irú rẹ̀ tí wọ́n pè ní 200B. Bí okùn inú gílóòbù bá ti ń gbóná ni ohm rẹ̀ (bó ṣe ń dènà iná tó) ń pọ̀ sí i, nítorí náà ìgbì fúnra rẹ̀ ló ń dá ara rẹ̀ lẹ́kun. Àbàwọ́n rẹ̀ lè lọ sísàlẹ̀ 0.1% láìsí wàhálà. Kò gbọdọ̀ tàn débi tí ojú yóò rí i, ìdí sì nìyẹn tí kì í fi í tètè jó. Àléébù rẹ̀ ni pé nígbà tí fíríkúẹ́ńsì bá lọ sílẹ̀ gan-an, okùn náà a máa gbóná, a sì máa tutù pẹ̀lú ìgbì kọ̀ọ̀kan, àbàwọ́n á sì pọ̀. Bí ẹ bá sì yí fíríkúẹ́ńsì, gíga ìgbì á fì díẹ̀ kó tó dúró.

Wàhálà tó wà nídìí rẹ̀ lónìí ni rírà. Ní ṣọ́ọ̀bù kan, mo ra márùn-ún tí wọ́n pè ní gílóòbù tọ́ọ̀ṣì, mo délé mo rí i pé mẹ́ta jẹ́ LED tí wọ́n fi gíláàsì bò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi mítà sí 200 ohm, ẹ fi ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì kan gílóòbù náà, kí ẹ wá pààrọ̀ ẹnu wọn. Gílóòbù olókùn yóò fi iye ohm kékeré kan náà hàn nígbà méjèèjì. LED kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá 12 V tàbí 28 V tí iná rẹ̀ kò ju nǹkan bí 40 mA lọ; ti ọ̀kadà wúwo jù. Kódà, ohm 28 V yẹn kéré débi pé op-amp TL072 yóò máa mí hẹlẹ. NE5532, op-amp tó lágbára jù ú lọ, ni kí ẹ fi gbé e.

Tẹmísítọ̀ R53, tó wà nínú gíláàsì tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú rẹ̀, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì ṣòro rí. Ohm tirẹ̀ ń dínkù nínú ooru, nítorí náà òdìkejì ibi tí gílóòbù ń jókòó ni à ń fi í sí. Ẹ má fi tẹmísítọ̀ pẹlẹbẹ inú bátìrì rọ́pò rẹ̀. Òtútù ọyẹ́ àárọ̀ nìkan yóò yí gíga ìgbì yín padà.

JFET, irú transistor kan tí fóltéèjì ń darí bíi rẹ́sísítọ̀, ló yẹ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní fíríkúẹ́ńsì kékeré, nítorí pé kapásítọ̀ tí ẹ bá yàn ló ń pinnu bí yóò ṣe yára tó. Ṣùgbọ́n fóltéèjì tó ń ti JFET 2N5457 pa lè wà níbikíbi láàárín 0.5 V àti 6 V, nítorí náà ẹ ra mẹ́wàá, kí ẹ wọ̀n wọ́n, kí ẹ sì ṣa èyí tó bá yín mu. Ẹ jẹ́ kí ìgbì tó ń kọjá lára rẹ̀ kéré gan-an, kí ẹ sì fi rẹ́sísítọ̀ méjì tó dọ́gba dá ìdajì ìgbì ìdí drain padà sí gate (méjì nínú ẹsẹ̀ JFET náà). Láìsí èyí, àbàwọ́n rẹ̀ kò ní sàn ju ti dáyóòdù lọ.

(Ẹni tí kò nífẹ̀ẹ́ sí kíkọ́ nǹkan lè ra mọ́dù AD9833, tí chip inú rẹ̀ ń fi nọ́ńbà ṣẹ̀dá ìgbì, tí gíga ìgbì rẹ̀ kì í sì í yẹ̀. Nǹkan bí 0.6 V péré ló ń gbé jáde láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìgbì rẹ̀ kò sì mọ́ tó ti gílóòbù.)

Fún ẹni tó ń tún amplifier ṣe, tó sì fẹ́ ìgbì 1 kHz kan ṣoṣo, mo ní kí ó ra gílóòbù, kí ó sì fi rẹ́sísítọ̀ 10 kilohm àti kapásítọ̀ 16 nF méjì-méjì kọ́ ọ. Ẹ ra gílóòbù méjì láti inú páálí kan náà, kí ẹ tọ́jú èkejì, torí bí àkọ́kọ́ bá fọ́, èyí tó wá láti páálí mìíràn lè fi dandan mú kí ẹ tún rẹ́sísítọ̀ yàn.