Mumbai: ibo lẹ ti máa raṣọ gan-an, Colaba, Linking Road, mọ́ọ̀lù àbí Mangaldas?

Ẹ jẹ́ n tètè sọ tèmi: tẹ́ ẹ bá dé Mumbai ní India tówó ọwọ́ yín ò sì pọ̀, aṣọ tí wọn ò tíì rán ni kẹ́ ẹ ná an lé, kí rẹ́dímédì gba ìyókù. Mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní gbà torí Linking Road ni gbogbo wọn máa ń sáré lọ, àmọ́ ẹ ní sùúrù ká fi wọ́n wéra ná.

Colaba Causeway làlejò máa ń kọ́kọ́ dé torí kò jìnnà sí Gateway of India, ẹnubodè ńlá tó wà létí òkun. Yẹtí, báàgì, gáùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kurta tó dà bíi bùbá gígùn tí wọ́n la ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, gbogbo ẹ̀ wà lójú títì. Àmọ́ àwọn tó ń tajà níbẹ̀ mọ ojú àlejò dáadáa, iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè kì í ṣe iye ẹ̀ rárá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì tàbí kó má tó ìdajì, tí ò bá gbà kẹ́ ẹ máa lọ, ó máa pè yín padà. "Bhaiya" lẹ máa pè é, bí ìgbà tá a bá ń pe èèyàn ní brọ̀dá, "bhaiya, kam karo", kó yọ nínú ẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀bùn kéékèèké lẹ fẹ́ rà fáwọn ará ilé, Colaba ti tó.

Fashion Street, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá Azad Maidan, ló dáa ju Colaba lọ fún tíṣáàtì, jíìnsì àtaṣọ ọmọdé. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti ibùdókọ̀ rélùwéè Churchgate. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò síbi tẹ́ ẹ ti máa wọ̀ ọ́ wò, sáìsì wọn sì kéré sí tiwa, L wọn lè má gba apá, ká má tiẹ̀ sọ ìdí. Ẹ mú téèpù dání, ẹ fa síìpù wò, ẹ yí inú ẹ̀ síta kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe rán an.

Linking Road, Bandra ló wà, àdúgbò táwọn òṣèré Bollywood ń gbé, oge ibẹ̀ sì máa ń bá ìgbà mu ju ti Colaba àti Fashion Street lọ, bàtà náà pọ̀ níbẹ̀ bí nǹkan míì. Rélùwéè lẹ máa wọ̀ láti Churchgate, kì í ṣe láàárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ o, wọ́n á tẹ̀ yín pa, àwọn obìnrin ní wáágùn tiwọn. Tẹ́ ẹ bá bọ́ọ́lẹ̀ ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, àwọn ará India tó ń ṣe Bajaj fún wa náà ń gùn ún, àmọ́ ẹ má wá a ní Colaba, wọn ò gbà á láyè lápá ibẹ̀. Tójò bá ń rọ̀, láàárín June sí September, ọjà ojú títì ò dùn rárá.

Mọ́ọ̀lù ò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Phoenix Palladium wà ní Lower Parel, Jio World Plaza tí wọ́n ṣí ní 2023 jẹ́ tàwọn olówó gidi. AC wà, ẹ lè wọ̀ ọ́ wò, iye tí wọ́n tẹ̀ sára aṣọ tí wọ́n ń pè ní MRP ni, wọn ò gbọ́dọ̀ tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọlọ́jà ojú títì ní tiwọn, fóònù ni wọ́n fi ń gbowó lọ́wọ́ ara wọn, káàdì àlejò ò wúlò níbẹ̀, ẹ ṣẹ́ rupee sí wẹ́wẹ́.

Mangaldas wá ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ Crawford Market ló wà, wọ́n bo orí ẹ̀, ọ̀nà inú ẹ̀ fún, aṣọ nìkan ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n máa ń tì í lọ́jọ́ Sunday. Sílíìkì, léèsì, kọ́tìn tí wọ́n fi pákó tẹ àwòrán sí, bandhani àwọn ará Gujarat tí wọ́n fi okùn dì kí wọ́n tó pa á láró, àdìrẹ oníko gẹ́lẹ́! Ohun tó ń mú àwọn èèyàn wa ni pé mítà ni wọ́n ń lò, kì í ṣe yáàdì. Yáàdì 5 wa ò ju nǹkan bíi mítà 4.6 lọ, tẹ́ ẹ bá kàn ní kó gé mítà 5, ẹ ti sanwó ju ohun tẹ́ ẹ nílò.

Sari sì tún wà, ó tó nǹkan bíi mítà 5.5, ìyẹn yáàdì 6, ìró àti bùbá máa jáde nínú ẹ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé etí kan ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pallu, iṣẹ́ tó wà lára ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyókù, télọ̀ yín gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa bọ́ sí, ojú ìró ni àbí apá bùbá. Ẹ ní kẹ́ni tó ń tà á tú u sílẹ̀ pátápátá kẹ́ ẹ tó sanwó. Kò ní bínú, bó ṣe ń tú u tó tún ń ká a nìyẹn látàárọ̀.