Kọnẹ́kítọ̀ oníjẹ́ẹ̀lì tó gba fóònù géètì màmá mi lọ́wọ́ òjò

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni màmá mi ń gbé ní Mọ́lípà, Ìjẹ̀bú-Òde. Orúnkún ń dùn wọ́n, ìdí nìyẹn tí a fi fa wáyà fóònù láti pálọ̀ dé géètì, kí wọ́n lè mọ ẹni tó wá láì sọ̀ kalẹ̀. Àmọ́ tí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, fóònù á máa pariwo ṣààà, tó bá yá, á dákẹ́ pátápátá. Nígbà Iléyá ọdún 2024, àwọn àna wa dúró pẹ́ lẹ́yìn géètì, màmá ò sì gbọ́ nǹkan kan. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni oníṣẹ́ iná ti tú ojú ìso tó wà lára ògiri, tó sì tún fi tépù dúdú wé e. Nígbà tí mo tú u fúnra mi, omi ló kọ́kọ́ kán sí mi lọ́wọ́. Bàbà inú wáyà ti di aláwọ̀ ewé, ọ̀kan sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Omi á gba ẹnu tépù wọlé, tépù náà ni kò wá ní jẹ́ kó gbẹ. Iná inú wáyà fóònù kò pọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti pàdé omi, bàbà ló máa jẹ.

Ọjà Àlàbá ni mo ti ra irú kọnẹ́kítọ̀, ìyẹn ohun tí a fi ń so wáyà pọ̀, tí wọ́n ń pè ní UY2. Ó kéré, ó pọ́n bí ìyeyè, jẹ́ẹ̀lì bíi gíríìsì sì kún inú rẹ̀. Ẹ má bó wáyà rárá. Ẹ ti ẹnu wáyà méjèèjì tí ẹ fẹ́ so pọ̀ wọlé títí wọ́n á fi kan ìdí, kí ẹ fi ẹ̀mú tẹ orí rẹ̀ kó wọlé tán. Irin inú rẹ̀ á la rọ́bà, á di bàbà mú, jẹ́ẹ̀lì á sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Omi ò ráyè dúró. Èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Èyí tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́, mo gé e dànù, torí kò ṣeé tú lò lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ rà lé. Wáyà tó bá nípọn jù kò lè wọ̀ ọ́, ẹ má sì gbé e sún mọ́ iná ilé.

Mo tún jẹ́ kí wáyà rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọ àpótí tí ojú ìso náà wà nínú rẹ̀, kí omi lè kán sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì lu ihò kékeré sí ìdí àpótí náà. Òjò ọdún 2025 rọ̀ lé e lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo tú àpótí náà wò lóṣù Kọkànlá: bàbà ṣì ń dán. Màmá ti ní kí n wá ṣe ti ilé ìdáná náà.